ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: YÀRÁ TÍ A ṢE FÚN ÌSINMI

*Bíbélì kíkà:* 2 Àwọn Ọba 4:8-37
*Ẹsẹ láti fi sọ́kàn:* ẹsẹ 10 àti 11

  Mo mọ̀ pé inú bọ́ọ̀sì ni ẹlòmíràn ti ń ka èyí, ẹlòmíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú díẹ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ohun kan wà nínú ẹsẹ kọkànlá yẹn tí a máa ń sáré kọjá. Èlíṣà dé Ṣúnémù lọ́jọ́ kan, ó wọ yàrá tí wọ́n ṣe fún un, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó tán. Kò sí ìwàásù nínú ẹsẹ yẹn, kò sí ìsọjí, kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan. Wòlíì ńlá, ẹni tí àwọn ọba ń wá kiri, lọ sí ilé ọ̀rẹ́, ó jẹun, ó sì sinmi. Ẹ̀mí Mímọ́ sì rí i pé ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.

Obìnrin ará Ṣúnémù náà kò dúró dìgbà tí wàhálà dé kó tó pe wòlíì. Oúnjẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbàkígbà tí Èlíṣà bá ń kọjá, á yà síbẹ̀, á jẹun. Nígbà tó yá, obìnrin náà sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn kọ́ yàrá kékeré kan fún un sí òkè ilé. Ohun mẹ́rin péré ló kó síbẹ̀: ibùsùn, tábìlì, àga àti ọ̀pá fìtílà. Ẹni tó ní owó ni o, ṣùgbọ́n kò ṣe àṣehàn. Ohun tí arìnrìn-àjò tó ti rẹ̀ nílò gan-an ló gbé síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè láàárọ̀ yìí: kí ni ìwúlò irú nǹkan báyìí? Ṣé kì í ṣe fífi àkókò ṣòfò ni kí èèyàn gbéra láti ibi kan dé ibòmíràn, kó lọ jókòó sílé ọ̀rẹ́, kó jẹ, kó mu, kó sùn, kó sì padà? Ọ̀pọ̀ wa ló rò bẹ́ẹ̀, pàápàá àwa tí a wà lókè òkun, tí wákàtí kọ̀ọ̀kan ní iye tí wọ́n ń san lé e lórí. A máa ń lọ síbi ìsìnkú. A máa ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ká kàn lọ kí èèyàn? Ká kàn lọ jókòó tì í? A ní fóònù wà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí a jọ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, ń gbé ní abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá kí wa, kò sí nǹkan tí ẹ máa ṣe níbí ju kí ẹ sinmi lọ." A wọ ọkọ̀ ojú irin láti London dé Paris, láti Paris dé Saint-Étienne, ó sì wá fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa gun òkè. Òkè náà ga tó nǹkan bí 1,000 mítà ju ìpele òkun lọ. Nínú oṣù Kẹjọ pàápàá, a ń wá nǹkan bora lálẹ́.

Ẹ̀yin ará, àwọn èèyàn yẹn mọ ìsinmi. Láti 1936 ni òfin ti fún òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún tí wọ́n á sì gba owó oṣù wọn; lónìí, ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Tó bá ti di oṣù Kẹjọ, ìlú ńlá á dá, gbogbo èèyàn á kọrí sí etí òkun tàbí sí abúlé. Ní abúlé ọ̀rẹ́ mi, tí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù, ṣọ́ọ̀bù á tì, wọ́n á lọ jẹun. Kì í ṣe oúnjẹ àjẹdìde o. Wọ́n á jókòó, búrẹ́dì á wà láàárín, wàràkàṣì á tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ra ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Le Puy, ó sì fi epo pupa àti ata rodo sè é. Ẹ má bi mí bó ṣe dùn tó! Lọ́sàn-án, àwọn ọmọ mú wa wọ inú igbó lọ já èso dúdú wínníwínní kan tí wọ́n ń pè ní myrtille. Ìgbà tí a ó fi délé, ahọ́n gbogbo wa ti pọ́n bí aró.

Ọjọ́ kẹta ni ìdí tí Ọlọ́run fi mú wa débẹ̀ tó hàn sí mi.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi yìí ti kú ní Kétu láti bí ọdún kan àbọ̀. Mo mọ̀. Mo pè é nígbà náà, a gbàdúrà lórí fóònù, ó ní, "A dúpẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àtúnṣe lásìkò yẹn. Bó bá jáde, kò dájú pé ó lè padà wọlé sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ. Nítorí náà, lórí fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe sin ìyá tó bí i lọ́mọ. Ohun mìíràn tí n kò sì mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, kò lè gbàdúrà mọ́. Ó ń lọ sí ilé ìsìn, ó ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó ń sọ "Àmín" pẹ̀lú ẹnu. Ó ní inú òun ti gbẹ bí ìgbá.

Ó gbà mí láyè kí n sọ ọ́ fún yín. Ibi tí a ti ń fọ abọ́ lálẹ́ ló ti sọ ọ́. Èmi ń fọ̀, òun ń nù ún. Kò wo ojú mi. Àwọn àgbà wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ nílò ọjọ́ mẹ́ta ìjókòó kó tó wá sójú. Tó bá jẹ́ pé wákàtí méjì la fi yà kí i ni, "A dúpẹ́" yẹn náà ni mi ò bá tún gbọ́.

Mo bi í pé, "Ta ló wà pẹ̀lú rẹ lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn?" Ó ní ìyàwó òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan, ará Faransé tó ń gbé ilé kejì, kan ilẹ̀kùn, ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná dání. Ó jókòó ti òun níwájú fóònù títí tí wọ́n fi bo sàárè. Kò gbọ́ Yorùbá, kò sì sọ nǹkan kan. Ó kàn jókòó ni. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀ pé ó yẹ kó wá? Ó ní, "Gbogbo ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá mu kọfí lọ́dọ̀ wa." Ṣé ẹ rí i? Kọfí ọjọ́bọ̀ ló la ọ̀nà tí ìyá yẹn gbà wọlé lọ́jọ́ ọ̀fọ̀. Ká ní kì í wá nígbà tí kò sí nǹkan kan, ojú ì bá tì í láti wá nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n mú wa lọ sí ìlú kékeré kan tí kò jìnnà síbẹ̀, Le Chambon-sur-Lignon. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìlú náà fún yín, nítorí ó jọ ti ará Ṣúnémù yìí gan-an.

Púrótẹ́sítáǹtì pọ̀ ní agbègbè yẹn. Ní 1685, ọba Louis XIV fagi lé òfin tó gbà wọ́n láyè láti sin Ọlọ́run bí wọ́n ṣe gbà gbọ́. Fún nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn náà, ìkọ̀kọ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ń jọ́sìn, nínú igbó àti nínú ilé. Wọ́n mọ ohun tí à ń pè ní sísá pamọ́.

Ní 1893, pásítọ̀ kan tó wà ní Saint-Étienne, Louis Comte, dá iṣẹ́ àánú kan sílẹ̀. Ìlú èédú àti irin ni Saint-Étienne nígbà náà. Ó ń kó àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ kúrò nínú èéfín lọ sórí òkè yìí nígbà ooru, kí wọ́n lè mí afẹ́fẹ́ tó mọ́, kí wọ́n sì jẹun kánú. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Nígbà tó yá, àwọn ẹlòmíràn náà ń wá lo ọlidé níbẹ̀, àwọn ilé tó ń gba àlejò sì ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ló ń gbé wọn gun òkè. Ọdún dé, ọdún lọ, àwọn ìyá ilé yẹn ń tẹ́ ibùsùn fún ọmọ tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n ń fi abọ́ kan kún iye abọ́ orí tábìlì. Ọ̀rọ̀ ìsinmi lásán ni.

Ogun wá dé. Ní oṣù Kẹfà 1940, Jámánì ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé ogun dáwọ́ dúró, pásítọ̀ méjì ìlú Le Chambon, André Trocmé àti Édouard Theis, sọ fún ìjọ pé ohun ìjà ti Ẹ̀mí ni ká fi kọjú ìjà sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ipá yí ẹ̀rí ọkàn wa padà. Kò pẹ́ tí àwọn Júù tí wọ́n ń lépa fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà bọ̀. Ìtàn sọ pé lọ́jọ́ òtútù kan, obìnrin Júù kan tó sá kúrò ní Jámánì kan ilẹ̀kùn ilé pásítọ̀. Magda, ìyàwó pásítọ̀ Trocmé, ló ṣílẹ̀kùn. Ohun tó sọ kò ju pé kó máa bọ̀ nínú ilé lọ.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé tó ń gba ọmọ tó wá sinmi di ilé tó ń gba ọmọ tí wọ́n fẹ́ pa. Ibùsùn kan náà. Tábìlì kan náà. Nígbà tí ọlọ́pàá wá ní oṣù Kẹjọ 1942, wọ́n ní kí pásítọ̀ Trocmé fún àwọn ní orúkọ àwọn Júù tó wà nílùú. Ó kọ̀. Àwọn ará ìlú sì kó àwọn èèyàn náà pamọ́ sínú oko àti igbó. Ní oṣù Kejì 1943, wọ́n mú pásítọ̀ méjèèjì, wọ́n tì wọ́n mọ́ àgọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn ará ìlú kò tìtorí ìyẹn ti ilẹ̀kùn wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló rí ààbò ní agbègbè náà kí ogun tó parí. Ní 1990, Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tó wà ní Jerúsálẹ́mù, bu ọlá fún gbogbo agbègbè náà lápapọ̀.

Àwọn tó mọ ìtàn á sọ fún yín pé ìdí pọ̀: ìgbàgbọ́ wọn, ìyà tó jẹ baba ńlá wọn, bí òkè náà ṣe jìnnà. Gbogbo rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ ká mú lọ láàárọ̀ yìí ni pé ọwọ́ wọn ti mọ́ àlejò kí ìdààmú tó dé. Ilẹ̀kùn tí a ti ń ṣí ní ọjọ́ ayọ̀ kì í há lọ́jọ́ ìpọ́njú. Èyí tí a kì í ṣí rárá, ìpata rẹ̀ á ti dógùn-ún lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Ẹ wá padà sí Ṣúnémù. Ọlọ́run fún obìnrin yìí ní ọmọkùnrin. Ọmọ náà dàgbà, ó lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kórè, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, wọ́n gbé e wá fún ìyá rẹ̀. Orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló wà títí di ọ̀sán, ó sì kú. Níbo ni obìnrin náà gbé e lọ? Kò gbé e sí yàrá tirẹ̀. Ó gbé e gun òkè, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn wòlíì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ bá Èlíṣà ní Kámẹ́lì. Ibùsùn tí ó tẹ́ kí ẹlòmíràn lè sinmi ló di ibi tí Ọlọ́run ti dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Lọ́jọ́ tó ń ra àga àti fìtílà yẹn, ǹjẹ́ ó mọ̀? Kò mọ̀ o. Ó rò pé àlejò lòun ń tọ́jú.

Mi ò ní tàn yín, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn tí a ṣí ló ń parí sí ọmọ tó jí dìde. Ní Le Chambon, Daniel Trocmé, ìbátan pásítọ̀, ń bójú tó ilé tí àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ní oṣù Kẹfà 1943, àwọn ará Jámánì wá mú wọn níbẹ̀, wọ́n sì mú òun náà pẹ̀lú wọn. Ó kú ní àgọ́ Majdanek ní 1944. Gbígba àlejò lè ná èèyàn ní nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò sọnù lójú Olúwa, ẹni tó sọ nínú Mátíù 25 pé bí a bá gba àlejò, òun gan-an la gbà.

*Kí ni ká wá ṣe?* Ohun mẹ́ta.

*Èkíní: ní àyè kan nílé rẹ fún ẹlòmíràn.* Mo gbọ́ ohun tí ẹnì kan ń sọ: "Ajíhìnrere, yàrá kan ṣoṣo ni mo ní." Òótọ́ ni. Ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun ló kù fún opó Sáréfátì. Kò pọn dandan kó jẹ́ ibùsùn; àga kan àti ife tíì kan tó. Àwọn àgbà ní iwájú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ará Ṣúnémù kò jẹ gbèsè kankan. Má ṣe ju agbára rẹ lọ, kí ìbínú má bàa wọ inú oore rẹ.

*Èkejì: jẹ́ àlejò rere.* Èlíṣà kò jẹun tán kó máa lọ lásán. Ó béèrè pé kí ni òun lè ṣe fún obìnrin náà. Bí o bá lọ kí èèyàn, mú nǹkan dání, fọ abọ́, tẹ́ ibùsùn tí o sùn sí, gbàdúrà fún ilé náà kí o tó kúrò. Kí o sì mọ ìgbà tó yẹ kí o padà. Òwe 25:17 ti kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tó ń wọ ilé aládùúgbò rẹ̀ ní àwọ̀jù.

*Ẹ̀kẹta: lọ kí ẹnì kan láìsí ìdí kankan.* Olúwa wa fúnra rẹ̀ máa ń yà sí Bẹ́tánì, lọ́dọ̀ Màtá, Màríà àti Lásárù. Ó jẹun níbẹ̀, ó jókòó. Nígbà tí Lásárù kú, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí. Ìwọ náà ní ẹnì kan tó ń sọ "A dúpẹ́" fún ọ lórí fóònù. Lọ jókòó tì í. Má lọ pẹ̀lú ìwàásù. Lọ pẹ̀lú àkókò.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi: lálẹ́ ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ yẹn, a fi abọ́ sílẹ̀, a jókòó sí ìdí tábìlì. Èmi ni mo gbàdúrà, ìwọ̀nba díẹ̀, òun dákẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àmín." Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú, èyí ni àkọ́kọ́ tó ti inú òun wá. Kò tíì bọ́ sípò tán, ẹ bá mi máa rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀.

*Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:*
Bàbá wa, a dúpẹ́ pé ìwọ ni Olùgbàlejò àkọ́kọ́, tí o ń pèsè àyè sílẹ̀ fún wa ní ilé rẹ. Àwọn tó ti rẹ̀ nínú wa, fún wọn ní ibi ìsinmi. Àwọn tí ìwé ìrìnnà há mọ́ ibì kan, tí wọn kò lè lọ sin òkú wọn, tù wọ́n nínú, la ọ̀nà fún wọn. Ẹni tí kò lè gbàdúrà mọ́ láàárọ̀ yìí, rán ẹnì kan sí i tí yóò jókòó tì í. Jẹ́ kí ilé wa ti mọ́ àlejò kí ọjọ́ ìdààmú tó dé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

*Iṣẹ́ òní:* Kí ilẹ̀ tó ṣú, dá ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹnì kan tí o kò tíì fojú kàn láti ìgbà pípẹ́. Má sọ pé "A máa ríra." Dárúkọ ọjọ́.

Ẹ ní ọjọ́ ire o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ti rẹ̀.